Ìwé tí ó Wà Lórí Káńtà Ọlọ́pàá

Ní ìlú Ọ̀yọ́, láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn arọ́kin ti wà ní ààfin, tí iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọn máa rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Bí Aláàfin bá fẹ́ mọ ohun tí ọba àná ṣe, arọ́kin ni yóò bi léèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wọn kì í ṣe ohun-ìní wọn. Ti ìlú ni, wọ́n kàn ń bá ìlú pa á mọ́ ni. Ní òde òní, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó ní arọ́kin tirẹ̀, ìwé sì ni orúkọ arọ́kin náà. Èyí tí ó wà lórí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá, nínú èyí tí a ń kọ orúkọ ẹni tí a mú sí, àti ọjọ́ tí a mú un, àti ẹ̀sùn tí a fi kàn án, àti ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀, kò kéré nínú wọn rárá. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn ará ọjà Akẹ̀sán, tàbí àwọn tí ń tajà ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ta ni ó ni ìwé náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé ọlọ́pàá ni. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Ìbẹ̀rù tí ó bí ìdáhùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni àwọn ará abúlé mọ̀ sí ìjọba, nítorí pé àwọn ni ó ń wá mú ẹni tí kò bá san owó-orí. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun dé ní 1966 ni a pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn kò bá wọn lọ. Àgbàlagbà tí ó rí bí wọ́n ti ń de bàbá rẹ̀ ní okùn nítorí owó-orí kò lè gbà láéláé pé òun ní ohunkóhun láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba.

Kí a wo irú ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọ̀yọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde ní ìrọ̀lẹ́, kò sì padà wálé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ fún un pé ọlọ́pàá kó àwọn ọ̀dọ́ kan lọ. Ó sáré dé àgọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo inú ìwé yín bóyá orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀.”

“Màmá, ẹ lọ sílé. Ìwé ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ìwé tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ẹ padà wá lọ́la.”

Ìyá yìí yóò yí padà, yóò wá ẹni tí ó mọ ẹni tí ó mọ ọlọ́pàá, yóò sì ná owó tí kò yẹ kí ó ná. Bẹ́ẹ̀ ni, lára ògiri àgọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí a ti lẹ ìwé mọ́ ọn pé béèlì kò gba owó. Ohun tí ìyá náà kò mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ yìí wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ ti 1999, ní abala 35, wí pé a gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún ẹni tí a mú, láàárín wákàtí 24, ohun tí a torí rẹ̀ mú un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí a mú un, a gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ilé-ẹjọ́ sì wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọlọ́pàá pa òfin yìí mọ́, bí kò bá sí ẹni tí ó lè wo ọjọ́ àti wákàtí tí a kọ sínú ìwé?

Nítorí irú èyí ni òfin mìíràn fi wà, èyí tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí i ní 28 oṣù karùn-ún 2011. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń jiyàn pé òfin àpapọ̀ ni, pé kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025 ni Ilé-ẹjọ́ tí ó Ga Jùlọ fi òpin sí iyàn náà, ó ní gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó dè. Ní ti ọlọ́pàá, iyàn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé bí a bá ṣí ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀, olè yóò mọ ibi tí a ti ń ṣọ́ ọ, ẹni tí ó ta ọlọ́pàá lólobó yóò sì di òkú. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òfin náà fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ: abala 12 gba ọlọ́pàá láàyè láti fi ohun tí ó lè ba ìwádìí jẹ́ pamọ́, tàbí ohun tí ó lè fi ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ hàn. Abala 14 sì dáàbò bo ọ̀ràn ara ẹni. Èyí dára, nítorí pé ẹni tí a mú kì í ṣe ẹni tí ó jẹ̀bi. Ọ̀dọ́mọdé tí a mú ní ìṣìmú, tí a sì fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa ti ẹnu dé ẹnu ní ìlú títí tí yóò fi wá ìyàwó. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu ni pé ọlọ́pàá kan náà tí ó ń wí pé ìwé òun jẹ́ àṣírí ni a ti rí, lọ́pọ̀ ìgbà ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ó to àwọn afurasí sí ìta gbangba kí àwọn oníròyìn lè ya àwòrán wọn, kí ẹjọ́ wọn tó dé iwájú adájọ́ rárá. Ojú ẹni náà kò jẹ́ àṣírí nígbà náà; ìwé tí ó lè fi hàn bóyá a mú un bí ó ti tọ́ nìkan ni ó jẹ́ àṣírí.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Orúkọ àti ọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹni náà, ti ìdílé rẹ̀ àti ti lọ́yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí a mú ní oṣù kan, iye tí a gbé dé ilé-ẹjọ́, iye tí a fi sílẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n lò ní àtìmọ́lé kí a tó fi wọ́n sílẹ̀, ìwọ̀nyí jẹ́ ti gbogbo ìlú. Kò sí olè tí yóò fi èyí sá lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá àti ará ìlú kò bá gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́ mọ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Nàìjíríà ń fi ẹ̀hónú hàn sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù. Ní ọjọ́ kejì, ìbínú ru dé ààfin Ṣọ̀ún. Ní ọjọ́ kan náà ni a kéde pé a ti tú SARS ká, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lẹ́yìn náà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti sọ ọjọ́ tí a mú òun, àgọ́ tí a tì í mọ́, àti ẹni tí ó mú un. Níbo ni ó ti fẹ́ rí ẹ̀rí rẹ̀ bí kì í bá ṣe nínú ìwé? Bí ọ̀rọ̀ bá ṣókùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a gbà láti bẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a fi àgádágodo tì.

Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀. Ní òru 22 oṣù kẹwàá 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò, àwọn tí ó ju 800 lọ sì sá jáde. Àwọn tí a ti dá lẹ́bi kọ́ ni wọ́n. Àwọn tí ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n. Gbogbo ìlú bẹ̀rù, ó sì tọ́ kí wọ́n bẹ̀rù, nítorí pé àwọn ọ̀daràn wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn díẹ̀ ni ó béèrè rẹ̀: kí ni ó kó ènìyàn tí ó tó bẹ́ẹ̀, tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́, jọ sí ibi kan? Ìdáhùn wà nínú ìwé àwọn àgọ́ ọlọ́pàá, ti ilé-ẹjọ́ àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ẹnìkan bá ti ń béèrè àwọn iye wọ̀nyí ní ọdọọdún, bóyá ojú ìlú ìbá ti là sí i kí ọ̀ràn tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè kò le. Ènìyàn yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgọ́ náà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní D.P.O., tàbí sí Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ní Elẹ́yẹlẹ, Ìbàdàn. Yóò dárúkọ òfin 2011. Yóò sọ ohun tí ó fẹ́ ní pàtó. Ẹni tí ó bá béèrè “gbogbo ìwé yín” kò ní rí nǹkan kan gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè iye àwọn tí a mú láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà ọdún kan mú kí iṣẹ́ rọrùn fún ẹni tí yóò dáhùn. Kò pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Èyí ni ó ya àwọn ọlọ́pàá kan lẹ́nu jù, nítorí “Kí ni o fẹ́ fi ṣe?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa ń jáde lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ kò ṣòfò: ó lè rán ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi ẹnu sọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá eléèlùbọ́ pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí èyí. Owó tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju owó ẹ̀dà ìwé lọ.

Kí ó rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí yóò mú lọ sílé, kí ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà náà sì hàn lára rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ náà ni a ó ti máa ka ọjọ́ méje. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ilé-iṣẹ́ mìíràn jù, wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ̀, ìwé ni wọn yóò fi kọ̀, pẹ̀lú abala òfin tí wọ́n dúró lé, àti orúkọ, ipò àti ọwọ́ ẹni tí ó kọ̀. Ẹnu tí ó rọrùn láti fi wí pé “rárá” lórí káńtà máa ń wúwo díẹ̀ nígbà tí a bá ní kí ẹni náà kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rárá náà. Ẹni tí ó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tí ó yí i padà kí a má baà rí i lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán.

Lóòótọ́, lẹ́tà púpọ̀ ni a kọ tí a kò fèsì sí, nítorí pé òfin kò ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn fúnra rẹ̀. Nígbà náà, ọjọ́ 30 ni ènìyàn ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Adájọ́ lè ní kí a gbé ìwé náà wá kí òun fúnra rẹ̀ wò ó. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba ni yóò ṣàlàyé ìdí tí ó fi fi ìwé pamọ́. Ẹni tí ó béèrè kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi béèrè.