Ẹ má já ewé ọsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá gé gbòǹgbò rẹ̀

Bonsai, ìyẹn sísìn igi ńlá ní kékeré nínú ìkòkò bíi tàwọn ará Japan, ti gbòde lórí fóònù wa. Kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn kan ṣe ń gé gbòǹgbò ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n tún ń já gbogbo ewé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ewé tuntun lè kéré. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún maple.

Ọsàn kì í ṣe maple o! Maple, igi ilẹ̀ òtútù, ń wọ́wé fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti kó oúnjẹ pamọ́ sínú igi àti gbòǹgbò. Ní ti ọsàn, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò ló ń gbé ewé rẹ̀, inú ewé náà sì ni púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹ já ewé, ẹ tún gé gbòǹgbò tó ń fa omi, kí ló kù tí igi fẹ́ jẹ?

Tèmi ni pé, bí gbòǹgbò bá ti kún ìkòkò, ẹ dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tí omi ń tètè jò nínú rẹ̀ sí i, ẹ gbé e síbi òjìji. Ewé ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.