Ẹ tó béèrè àkọ̀ ìbọn, ẹ béèrè òfin

Ní ìpàdé wa tó kọjá níbí ní Àbújá, ará wa kan tó ń tajà ní Wuse dìde, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, irú àkọ̀ wo ló dáa téèyàn lè fi ìbọn ìléwọ́ sí níwájú ìbàdí, lábẹ́ bùbá, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sún mọ́ ọn, wọ́n fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

A ò bá a jà. Ẹni tó bá ń délé ní Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ ohun tí one chance ń fojú èèyàn rí. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ìyá kan gbé ní Bwari, wọ́n sì pa ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Iṣẹ́ àkọ̀ ju kó fi ìbọn pamọ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, kí aṣọ tàbí kọ́kọ́rọ́ má kàn án. Ó gbọ́dọ̀ di ìbọn mú ṣinṣin. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń mú èyí tó le, tí wọ́n ṣe fún irú ìbọn yẹn gan-an, tó ní ìkọ́ tó gbá bẹ́líìtì mú. Àpò awọ tó ti rọ̀ léwu, torí etí rẹ̀ lè ká wọlé kó fa ìbọn nígbà tí wọ́n bá ń tì í bọ̀ ọ́. Ṣòkòtò onókùn tí à ń wọ̀ sábẹ́ agbádá ò tiẹ̀ lè gbé e. Àkọ̀ yòówù kó jẹ́, téèyàn bá ti jókòó, itan àti nǹkan ọkùnrin ni ẹnu ìbọn kọjú sí.

Plaxico Burress, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, mọ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ó ki ìbọn bọ ìbàdí láìsí àkọ̀, ó wọ ilé fàájì ní New York. Ìbọn yọ̀, ó fẹ́ gbá a mú, ọta sì wọ itan òun fúnra rẹ̀. Láíséǹsì tó gbà ní Florida ti kú, kò sì gba ti New York. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n dá fún un.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn tó jẹ́ èèwọ̀, òun àti ìbọn ológun. Láíséǹsì Ààrẹ nìkan ni aráàlú fi lè ní in. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní in, ẹ̀wọ̀n tí òfin là sílẹ̀ kò dín ní ọdún mẹ́wàá. Kò sí àkọ̀ tó ń bo ìyẹn.

Ẹ lè ní olè kì í gba láíséǹsì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò one chance, àárín èèyàn méjì ni wọ́n máa fún ẹ sí. Kí ọwọ́ ẹ tó dé ìbàdí, ìbọn ti di tiwọn. Bó bá sì jẹ́ ọlọ́pàá ló rí ohun tó wú lábẹ́ bùbá àjèjì lóru, kò ní bi í pé ta ló ń dẹ́rù bà á. Olè ni yóò pè é. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ lálẹ́, kó wọ̀ ọ́ ní gáréèjì, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ kó tó wọlé. Kí àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà máa ti ṣọ́ọ̀bù pa pọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì jẹ́ ọlọ́pàá, ẹ kìlọ̀ fún un kó má ki ìbọn ìjọba bọ ṣòkòtò lásán.

Ará wa náà jókòó, ó ní òun ti gbọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.