Ẹ Dá Ọjọ́ Eré Wa Padà fún Wa

Wọ́n ní eré alátẹ̀lé orí tẹlifíṣàn ti kú. Wọ́n ní fóònù ló pa á, wọ́n sì ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́, nítorí ayé ti di ayé íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìkirè lọ sí Àpòmù. Èmi kò gbà. Eré kò kú. Ọjọ́ eré ló kú, ìyẹn wákàtí tí gbogbo wa jọ máa ń dúró dè. Kì í sì í ṣe fóònù ló pa á. Àwọn tí a fi í ṣọ́ ló fi í sílẹ̀, àwa náà sì dákẹ́.

Kí ni mò ń pè ní eré alátẹ̀lé? Eré tí ìtàn rẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan ni. Wọ́n á ṣe apá kan lónìí, wọ́n á dá a dúró níbi tó ti dùn jù, wọ́n á ní ó di ọ̀la, tàbí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, lórí rédíò ná, kó tó dé orí tẹlifíṣàn. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ló ń sanwó rẹ̀, kí àwọn obìnrin tó wà nílé lè gbọ́ ìpolówó ọjà wọn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọṣẹ fi lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Yorùbá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìtàn tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ ènìyàn náà, ara ilé ló ń dà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Guiding Light bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní 1937, ó sì wà títí di 2009. Days of Our Lives, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, kúrò lórí tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ó di ohun tí wọ́n ń sanwó wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kéde ikú máa ń tọ́ka sí nǹkan wọ̀nyí pé, "Ẹ ò rí i? Bí ti Amẹ́ríkà bá lè kógbá wọlé, kí ni tiwa?"

Ẹ jẹ́ kí a wo tiwa náà. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Owó kòkó sì ni òpó tí ìjọba ìgbà náà fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá mọ Ìkirè àti Àpòmù mọ̀ pé ilẹ̀ kòkó ni. Nítorí náà, bí mo bá ní "tẹlifíṣàn wa", n kò ṣe àsọdùn. Àwọn bàbá wa tó ká kòkó, tó sá a, tó rù ú lọ tà, ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Orí tẹlifíṣàn yẹn ni Moses Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti di ẹni tí ọmọdé àti àgbà ń rẹ́rìn-ín sí. Oyin Adéjọbí, tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, gbé Kóòtù Aṣípa kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ tọkọtaya àti ti aládùúgbò. Jímọ̀ Àlíù gbé Àrélù àti Yánpọnyánrin wá. Àwọn eré wọ̀nyí ní ọjọ́, wọ́n sì ní wákàtí. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣàn á gba ilé ẹni tó ní in lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù, ọjà Àpòmù ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ọjà ńlá ni Àpòmù láyé àtijọ́, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Kí ló sọ ibẹ̀ di ọjà ńlá? Kì í ṣe títà àti rírà nìkan. Èèyàn lè ta iṣu lójúde ilé ara rẹ̀. Ohun tó ń sọ ibi kan di ọjà ni pé gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ná ọjà ọrọọrún. Bí Ìjẹ̀bú bá wá lónìí, tí Ọ̀yọ́ wá lọ́la, tí Òwu wá lọ́túnla, kò sí ọjà níbẹ̀ rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí tọ̀sán-tòru. O lè wọlé nígbàkígbà tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n o kò ní bá aládùúgbò rẹ kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ adùn lásán ni mò ń sọ, kó gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Àpòmù, ń ránṣọ. Ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní tẹlifíṣàn kan àti dẹkódà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Eré àwọn ará Íńdíà ni wọ́n máa ń wò lọ́sàn-án, èyí tí wọ́n ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ti parí ilé ìwé girama ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn yòókù, ó sì máa ń fi iyọ̀ sí i. Àwọn oníbàárà á jókòó, aládùúgbò á dúró sẹ́nu ọ̀nà, máṣíìnì á sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, eré náà dé ibi tí ẹbí ti ń fọgbọ́n gba ogún bàbá lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a dúró sí, ó di ọjọ́ Ajé. Ariyanjiyan bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kí ọmọ náà fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, àwọn kan ní kó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọmọṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Òun ló déédéé sọ pé, "Ọ̀gá, ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn ni wọ́n ń ṣe fún mi." Àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń ta oko kòkó bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, Màmá Àpòmù àti obìnrin méjì mìíràn ti lọ bá olórí ẹbí náà. N kò ní purọ́ pé gbogbo oko náà padà. Ìdajì rẹ̀ padà.

Eré àjèjì ni, èdè àjèjì ni, ẹnu ọmọṣẹ́ kan ló gbà dé etí wọn. Síbẹ̀, ó ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọ́n jọ wò ó ni, ó sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi jiyàn. Bí eré elédè wa bá wà ní wákàtí náà ńkọ́?

Owó dẹkódà wá ń lọ sókè, Màmá Àpòmù kò san án mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, aṣọ ni wọ́n fi bo tẹlifíṣàn náà. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló jókòó, fóònù mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wọn, olúkúlùkù ti ki íápíìsì bọ etí. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá eré ló ń sun ún, tàbí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bi í.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní àwíjàre mẹ́ta. Èkíní, wọ́n ní àwọn ènìyàn kò ní sùúrù fún ìtàn gígùn mọ́. Irọ́ ni. Láti ọdún 2015 ni Zee World ti ń gbé eré Íńdíà tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún apá wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn obìnrin wa sì mọ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú Twist of Fate ju orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọn lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, The Rich Also Cry láti Mẹ́síkò ti kó àwọn ìyá wa jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Sùúrù wà. Àwa ni a kò fún sùúrù náà ní oúnjẹ ilé.

Èkejì, wọ́n ní YouTube ti tó, pé ọ̀fẹ́ ni, pé eré Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ìyá tó ń din dòdò ní Ìkirè kò lè máa fi èrè dòdò ra dátà lójoojúmọ́. Bí dátà bá tán ní àárín eré, ìtàn ti já nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ eré ibẹ̀ ni wọ́n sáré ṣe kó lè parí láàárín wákàtí méjì. A bí ẹ̀dá inú rẹ̀ lónìí, a sin ín lónìí. Ta ló máa rántí rẹ̀ lọ́la? Jenifa's Diary ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, fi hàn pé ẹ̀dá tí a bá ń padà bá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ máa ń di ẹbí. Orí tẹlifíṣàn àti íntánẹ́ẹ̀tì ni òun náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí a fi í lé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun lọ́wọ́, nítorí àwọn ló lówó. Òótọ́ ni pé Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe Aníkúlápó fún Netflix ní 2022, tí apá tó tẹ̀lé e sì jáde bí eré alátẹ̀lé ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 yìí kan náà ni Amazon kéde pé òun kò ní náwó lé eré tuntun ní Áfíríkà mọ́. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì tì í pa. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó fi ìtàn ilé rẹ̀ sí ọwọ́ àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ló máa mọ̀.

N kò ní ṣe ojúsàájú. Fóònù ní oore tirẹ̀. Ọmọbìnrin lè wo ohun tí àwọn àgbà ilé kò ní gbà kó wò ní pálọ̀, kó sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Eré àtijọ́ náà ní àbùkù: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló fi ìyá arúgbó ṣe àjẹ́, tí ẹ̀sùn náà sì tẹ̀ lé àwọn ìyá wa dé ojú títì. N kò ní kí a padà sí 1975. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí àwọn tó ń fi owó ìlú ṣe tẹlifíṣàn má tún máa fi ọ̀sán wa ta ìpolówó àgúnmu àti ètò ìwúyè nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kò sì le. Kí OSBC ní Òṣogbo àti àwọn ẹ̀ka NTA tó wà ní agbègbè wa ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lọ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún eré alátẹ̀lé kan lédè Yorùbá, ní wákàtí kan náà. Bí iná kò bá sí, kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sórí rédíò. Bátìrì méjì ni rédíò ń jẹ, kì í jẹ dátà, orí rédíò náà ni irú eré yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá gbé e sórí YouTube fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré ayé àtijọ́ ni a kò ní mọ́, nítorí téèpù wọ́n, wọ́n sì ń gba tuntun lé ti àná lórí.

Ta ni yóò kọ ọ́? Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ìṣe ẹ̀dá àti àṣà. Kí ni wọ́n ń fi àṣà ṣe bí kò bá jáde sí ìgboro? Owó ńkọ́? Kóòtù Aṣípa kò nílò ju ibi ìgbẹ́jọ́ kan àti àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Àpòmù tó fún eré ọdún márùn-ún. Bí àwọn ọlọ́ṣẹ bá lè sanwó eré ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ polówó.

Àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá dá nìkan wo eré, ẹjọ́ ẹnì kan ló ń gbọ́, òun nìkan ló sì ń dá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí àga àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, owó kòkó àwọn bàbá wa ló kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣàn kalẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ẹ dá ọjọ́ eré wa padà fún wa. Aṣọ ṣì bo tẹlifíṣàn Màmá Àpòmù, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ohun tí a lè jọ wò, a ó ṣí i.