Agbẹjọ́rò Inú Fóònù

Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́ ní Johannesburg, ọjọ́ 30 péré ni òfin fún un láti gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ síwájú CCMA, ìyẹn àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Kí ojú tó gbẹ, kí ẹni náà tó rí ẹnu sọ ọ́ fún ìdílé rẹ̀, kó tó wá owó ọkọ̀ tó máa fi lọ rí agbẹjọ́rò, ọjọ́ ti ń lọ. Níbo ló ti máa kọ́kọ́ béèrè? Lórí fóònù ni. Á tẹ ìbéèrè rẹ̀ sórí YouTube tàbí TikTok lóru, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún agbẹjọ́rò tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Fídíò ìṣẹ́jú méjì ti tó, láìsí orin, láìsí ijó: “Ṣé wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ ka ọjọ́ yín. Fọ́ọ̀mù LRA 7.11 lẹ máa kọ. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ fúnra yín láì gba agbẹjọ́rò.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Agbẹjọ́rò wo ló ń sọ pé kí wọ́n má tíì gba òun? Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá wá le, tó di pé ó fẹ́ dé ilé ẹjọ́, ta ni ẹni tó wo fídíò yẹn máa rántí?

Ẹni tó ń ta tòmátì lè jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ tẹ ọjà wò. Aránṣọ lè gbé aṣọ tó rán kọ́ síta. Kí ni agbẹjọ́rò tàbí akáǹtáǹtì fẹ́ gbé kọ́? Ìmọ̀ ni wọ́n ń tà, ojú kì í sì í rí i. Láyé àtijọ́, ará àdúgbò ló máa ń sọ pé, “Lágbájá ló bá mi ṣe tèmi, ẹ lọ bá a.” Ṣùgbọ́n ìlú èrò ni Johannesburg láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1886 tí wọ́n ti rí góòlù níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti Lesotho, láti Mozambique àti láti àwọn abúlé Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà dé nígbà tó yá. Èèyàn lè gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó má rí ẹnikẹ́ni tó lè fi akáǹtáǹtì kan hàn án. Fídíò ló wá ń ṣe iṣẹ́ ará àdúgbò yẹn báyìí. Ó ń jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bóyá ẹni yìí ní sùúrù, bóyá àlàyé rẹ̀ ń yé èèyàn, kó tó yọ owó lápò.

Ó tún ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alárinà, ìyẹn sì dára. Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn ní Gúúsù Áfíríkà, owó ìtanràn wà lọ́dọ̀ àjọ Road Accident Fund. Nítorí owó yìí ni àwọn agbẹjọ́rò kan ṣe máa ń rán alárinà lọ bá ẹni tó fara pa. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò kò fàyè gba irú rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó lè dúró níwájú kámẹ́rà kó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá ṣàdéhùn pé òun ò ní gbowó àfi tí ẹjọ́ bá já sí rere, owó iṣẹ́ òun kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí oníbàárà gbà lọ, kò nílò alárinà kankan. Òfin Contingency Fees Act ti 1997 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá arúgbó tó gbọ́ ọ ní èdè Zulu tàbí Sesotho kò sì ní fọwọ́ sí ohun tí kò yé e mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ṣe pàtàkì. Èdè méjìlá ni ìjọba fọwọ́ sí níbẹ̀, èdè adití sì ni èkejìlá tí wọ́n fi kún un ní 2023. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé owó orí ní gẹ̀ẹ́sì alákọ̀wé nìkan ti fi ìdajì oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. (Àwọn akáǹtáǹtì ìlú Ìbàdàn àti Òṣogbo náà lè gbọ́ tiwọn nínú èyí. Mélòó nínú wọn ló ti fi Yorùbá ṣàlàyé owó orí fún ìyá alájà rí?)

Dátà kò pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú. Lẹ́yìn tí àjọ tó ń rí sí ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò dá sí i, ilé iṣẹ́ Vodacom já iye owó dátà 1GB ti oṣù kan wálẹ̀ láti ráńdì 149 sí 99 ní April 2020, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ kò ní fi dátà rẹ̀ wo ìkíni àti ìtàn ìgbésí ayé agbẹjọ́rò. Ìdáhùn ni kí wọ́n fi ṣáájú. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò fún ẹni tó ń wò ó nínú takisí láìsí ohùn. Àwòrán tí kò mọ́ tó ṣeé fara dà. Ohùn tí kò ja geere ló ń lé èèyàn. Kí wọ́n sì wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Fáìlì oníbàárà tó hàn lórí pẹpẹ, tí orúkọ wà lára rẹ̀, lè di ẹjọ́ lábẹ́ òfin POPIA tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn.

Ní ti ìfọ́nnu, kí wọ́n fi mọ níwọ̀n. Òfin ìwà tí wọ́n ṣe fún àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní 2007 gbà kí wọ́n polówó, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n ka iye ẹjọ́ tí wọ́n ti borí tàbí kí wọ́n fi ara wọn wé agbẹjọ́rò míì. Ní Gúúsù Áfíríkà, HPCSA tó ń ṣàkóso àwọn dókítà kò fàyè gba kí dókítà máa fa aláìsàn bí ẹni ń pe èrò sí mọ́tò.

Ohun tó yẹ kó ká ìdílé lára jù ni pé ẹni tí kì í ṣe dókítà kò lófin kankan tó ń tẹ̀ lé. Ní 2023, ọ̀dọ́kùnrin kan gba òkìkí lórí TikTok ní Johannesburg gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Yunifásítì Wits ní kò sí àkọsílẹ̀ pé ó gboyè lọ́dọ̀ àwọn. Orúkọ ẹlòmíràn tó wà nínú ìwé HPCSA ni wọ́n ní ó ń lò. Ní October ọdún náà, wọ́n mú un ní ọsibítù Helen Joseph. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò tíì tó láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, fídíò ayédèrú jáde tó lo ojú àti ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn ní SABC láti polówó ètò ìdókòwò tí kò sí.

Nítorí náà, kò tó kí orúkọ kan wà nínú ìwé. Kí ìdílé wo orúkọ dókítà lórí ìkànnì HPCSA, kí wọ́n sì pe ọsibítù tó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà tí wọ́n wá fúnra wọn, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ fídíò. Ti agbaninímọ̀ràn lórí owó, FSCA ló ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ojúlówó òṣìṣẹ́ kì í bínú sí irú ìwádìí yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sójú fídíò.

Kò sì ní dáhùn ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ẹjọ́ èèyàn lójú gbogbo ayé. Á ní kí onítọ̀hún pe ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ló ti ná owó sórí kámẹ́rà àti iná, síbẹ̀ tí fóònù ọ́fíìsì wọn bá ń dún ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Monday, kò sẹ́ni tó máa gbé e, ọjọ́ 30 oníbàárà yẹn sì ń lọ.