Ẹ Má Gbé Àpótí Ẹ̀sùn Sínú Ilé Tí Ẹ Tì Mọ́ Èèyàn Síta

 Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín wa ni mo dìídì ń bá wí, èmi náà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tẹ fóònù láàárọ̀ kí wọ́n tó gbà pé ẹ wá síbi iṣẹ́, ó kàn yín.

Ẹ mọ̀ pé Al Muteena ni mò ń gbé, ní Deira níbí, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Salah Al Din. Lọ́sàn-án, mo wà nídìí ìwé ìwádìí tí mò ń kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Lálẹ́, mo máa ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń kó òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é.

Ilé iṣẹ́ yìí ní ìwé orúkọ kan lórí kọ̀ǹpútà: ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó ti lọ sí. Wọ́n tún háyà ìkànnì kan lórí kíláòdù, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ẹlòmíì la ń lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí ìkànnì yẹn ni òṣìṣẹ́ ti ń fi hàn pé òun dé, ibẹ̀ ló ti ń tọrọ ìsinmi, ibẹ̀ náà ló ti ń sọ pé owó òun ò pé. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ la fi ń da orúkọ kọ láti ibì kan sí ìkejì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ká so méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀rọ máa gbé orúkọ fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì. Èdè kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò fún un, SCIM ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ìwé orúkọ sọ fún ìkànnì pé: ṣí àkáǹtì fún ẹni yìí, tún orúkọ ẹni yìí ṣe, ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni yìí. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yan ohun tí ẹ̀rọ yóò fi dá èèyàn mọ̀. Mo yan ímeèlì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ mu tíì.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe obìnrin ará Ìbàdàn kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Ọdún mẹ́fà ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé tó yẹ kó tún orúkọ ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́, ó ṣí tuntun, pẹ̀lú ímeèlì tuntun. Ẹ̀rọ wo ímeèlì náà, kò mọ̀ ọ́n rí. Lójú tirẹ̀, obìnrin kan ti fiṣẹ́ sílẹ̀, obìnrin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, ó ti ṣílẹ̀kùn fún èkejì.

Ìsinmi tí obìnrin yìí ti kó jọ pòórá. Ẹ̀sùn owó ófátáìmù tó ti kọ sílẹ̀, a ò rí i mọ́. Wọ́n fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ímeèlì tuntun, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní ímeèlì tuntun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi lọ síbi iṣẹ́, tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fọ balùwẹ̀, tí ìkànnì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Oṣù parí, wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì wà nínú owó yẹn.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó lọ fẹjọ́ sùn lórí ìkànnì. Ìkànnì wo? Èyí tí kò lè wọ̀ náà ni o. Ló bá wá kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí n má purọ́, ohun tí èmi náà kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá, ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì, a ó wò ó lọ́la." Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò mi, ilé tí wọ́n tì mọ́ mi síta náà ni ìwọ náà ní kí n wọ̀ lọ fẹjọ́ sùn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí á ní akọ̀wé ló jẹ̀bi. Rárá o. Akọ̀wé ti ń ṣàṣìṣe kí wọ́n tó bí wa. Nígbà tí ọwọ́ la fi ń kọ ọ́, èmi ni ǹ bá rí orúkọ tuntun yẹn, ǹ bá béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe Ìyá Ìbejì nìyí?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. A mú ẹni tó ń béèrè kúrò, a ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní ṣé ká padà sí ìfọwọ́kọ ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta tí àkáǹtì rẹ̀ ṣì ń ṣí, kọ́kọ́rọ́ la fi sílẹ̀ fún olè yẹn. Ẹ so wọ́n pọ̀, ó dára. Ohun tí mò ń bá jà ni ká so wọ́n pọ̀ tán, kí èèyàn wá kígbe, ká ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ilé. Ní December 2020, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí oníkálùkù so nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, NIN, mọ́ síìmù rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 4 April 2022, wọ́n ní kí wọ́n dí ìpè jíjáde lórí gbogbo síìmù tí wọn ò tíì so. Ó lé ní mílíọ̀nù 70. Wọ́n ní torí ààbò ni, ó sì nídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ yàtọ̀ nínú ìwé méjì mọ ohun tójú òun rí. Bí ìwé méjì bá ti di ọ̀kan, àṣìṣe lẹ́tà kan tó jẹ́ ti ọ́fíìsì kan tẹ́lẹ̀ á bá èèyàn dé gbogbo ibi tó bá ń lọ.

Àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí tètè ń kàn wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ ò wolé kankan. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ pásípọ́ọ̀tù, àyè 39 péré ló ní fún gbogbo orúkọ èèyàn. Kò mọ àmì ohùn, kò mọ ìyàtọ̀ "ṣ" sí "s". Ẹni tó bá lórúkọ gígùn mẹ́ta, ó lè gé e. Orúkọ wa dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ wá.

Nǹkan kan tún wà tí àwa oníṣẹ́ kì í sọ. Microsoft Entra Connect wà lára àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé orúkọ lọ sí kíláòdù. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kan: bí orúkọ tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bá pọ̀ ju iye kan lọ, kó dúró. 500 ni iye tó bá irinṣẹ́ náà wá. Ó bójú mu fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 200, wọ́n lè pa gbogbo wọn rẹ́ tán kí ẹ̀ṣọ́ má gbin. Ẹni tó ṣe irinṣẹ́ ti fún wa láyè láti dín iye yẹn kù. Àwa la ò ṣí ojú ewé náà wò.

Ohun mẹ́rin ni mò ń béèrè, kò sì sí èyí tó wọ́n nínú wọn.

Ìkíní, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni kí ẹ fi dá èèyàn mọ̀, kì í ṣe orúkọ, kì í ṣe ímeèlì. Káàdì Emirates ID tó wà lápò wa gan-an, 784 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. A lè tún káàdì ṣe, nọ́ńbà yẹn kì í yí padà.

Ìkejì, títì kì í ṣe píparẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tì í, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara wò ó kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ìkẹta, ẹ dín iye ẹ̀ṣọ́ kù kó bá ilé yín mu, kí ẹ sì fi orúkọ ẹnì kan dán an wò kí ẹ tó tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Ìkẹrin, èyí ló ká mi lára jù: ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀sùn kan wà níta ìkànnì. Nọ́ńbà fóònù, tàbí ìwé, tàbí ẹnì kan tó jókòó sórí àga. Ìjọba ibí gan-an ní nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ lè pè láti fẹjọ́ sùn. Kí ló wá dé tí ilé iṣẹ́ kékeré ò lè ní tirẹ̀? Títí tí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ náà tán, kí wọ́n má fọwọ́ kan owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Mo ti yí ti wa sí nọ́ńbà òṣìṣẹ́. Mo tẹ ìwé jáde, mo tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì dé ọ́fíìsì àwọn tó ń sanwó, mo sì sọ lójú wọn pé àṣìṣe tèmi wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì jẹ́rìí sí ọjọ́ méje, wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ọjọ́ méjì tó dá ṣiṣẹ́ ṣì kù, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí.

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ṣọwọ́ sí ẹni tí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín lọ́la: bí fóònù mi ò bá wọlé, ta ni mo máa lọ bá? Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì, ẹ tún un béèrè.