TA LẸ BI KẸ́ Ẹ TÓ PÀGỌ́ S'ÉTÍ OMI?

Ẹ̀yin ìyá wa l'Ọ́jà'ba, ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, mekáníìkì, káfíńtà àti onídìrí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnká! Ọ̀rọ̀ tó wà lórí àtẹ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ni. Láyé ijọ́un, bí ọdún bá dé, wọ́n á wọ àǹkárá kan náà, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ l'Ókè Mápó, wọ́n á lọ wo ẹranko l'ọ́gbà Agodi. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kálukú á gba agbo ilé bàbá ẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, ìyẹn ò tó wọn mọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ iṣẹ́ á dáwó jọ, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, ó di etí òkun l'Ékòó, ó di etí odò Ògùn, ó di ìdí omi Olúmirin l'Ẹ́rin-Ìjẹ̀ṣà. Kì í sì í ṣe àlọ-àbọ̀ o. Wọ́n ń sun ibẹ̀ ni. Àgọ́ aláṣọ ni wọ́n ń pa. Ẹni tí kò lówó àgọ́, á ta tapólìn sórí igi mẹ́rin, á tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀, ó parí.

Àwọn ìyá ń kùn. Wọ́n ní kí l'ẹni tó nílé ń wá l'étí odò lóru? Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Níbi tí wọ́n ti pè é ní àṣà òyìnbó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ṣì í sọ. Ìbàdàn fúnra ẹ̀, kí ló jẹ́ bí kì í ṣe àgọ́? Lẹ́yìn ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń jà kiri wá tẹ̀dó sí abúlé kan tí àwọn Ẹ̀gbá ti sá kúrò nínú ẹ̀. Wọn ò wá kọ́ ìlú, wọ́n wá sinmi ni. Ọjà'ba ló wà láàárín ibùdó, àwọn Ìjẹ̀bú sì mú ìsàlẹ̀, ìyẹn náà ló ń jẹ́ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí d'òní. Igba ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí, kò tíì sí ẹni tó ká àgọ́ ẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì dé, láti 1877 títí di 1893, inú ibùdó kan náà l'àwọn jagunjagun Ìbàdàn tún wà, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń bímọ.

Ẹ̀rín l'ẹ ń rín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an l'ọ̀rọ̀ wà. Onílẹ̀ tó bá rí ẹni tó ń kan èèkàn s'étí odò ẹ̀, ohun tí Ìbàdàn ṣe yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní ẹni tó ní òun fẹ́ sùn di ọ̀la, bí ó bá di ọ̀la ńkọ́, tí kò lọ?

Àwọn bàbá wa ti rí i tipẹ́, ìdí tí wọ́n fi la ọ̀nà sí i nìyẹn. Ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí tó ní abà lọ́nà Akànrán, Ẹ̀rúnmu tàbí Ìdó. Omi odò, kò sẹ́ni tó ń fi du ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pọn, kó pọn. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, kó wẹ̀. Ilẹ̀ etí odò ló l'ólówó. Ẹni tó bá fẹ́ sun ibẹ̀, á lọ rí baálẹ̀ abà, baálẹ̀ á sì mọ mọ́gàjí tó ni ilẹ̀ náà n'ílé. Obì ni wọ́n ń mú lọ, ó lè jẹ́ ọtí. Bí àlejò bá máa pẹ́ tó sì máa dáko, ìṣákọ́lẹ̀ dé nìyẹn: iṣu, epo, nígbà tó yá ó d'owó. Ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, nítorí wọn ò kí ń pẹ́ nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin obì láìgbàṣẹ, kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ. Igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ló ń sọ àlejò d'onílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀? Àgọ́ aláṣọ àwọn ọmọ yìí ò ju àgbàdo lọ, wọ́n ń hú u l'ọ́jọ́ kejì ni. Ṣùgbọ́n àgbàdo náà, a kì í gbìn ín sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìkí i.

Àwọn kan á ní, ìyẹn ti di ayé àtijọ́, ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀dọ́mọdé l'ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí jù, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Òótọ́ ni pé l'ọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ilẹ̀ jáde, òfin náà ṣì wà lónìí. Ó ní gómìnà ló ń tọ́jú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ẹ gbọ́ ná, ó ní ó ń TỌ́JÚ ẹ̀ ni. Òfin kan náà ló tún sọ pé ilẹ̀ oko tó ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí ẹbí kan tẹ́lẹ̀, kó máa lò ó lọ. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá yọ s'ẹ́nì kan l'étí odò láago méjì òru, t'òun ti àdá, tó ní "Ta ló ní kí ẹ wọ'bí?", kí ẹnikẹ́ni má dáhùn pé ilẹ̀ ìjọba ni o. Ìjọba ò sí ńbẹ̀ láago méjì òru.

Ilẹ̀ etí omi ti gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé kì í ṣe ó ni ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ nìkan l'ẹ̀tọ́ ẹ̀, iye tí ìṣákọ́lẹ̀ bá tó ni wọn á san. Bàbá yarí. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ìlú òyìnbó. Ní oṣù Keje 1921, ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà dá a láre: ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ará ìlú, olóyè ló ń dúró fún wọn, owó pípé ni kí ìjọba san. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ onílẹ̀ kan bá ń pariwo l'étí òsà lónìí, ẹ má rò pé ariwo lásán ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ jù bí ojú ti rí i lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pariwo l'ọmọ onílẹ̀. Ìṣòro tó ń jẹ àwọn ọmọ wa lówó nìyí. Bọ́ọ̀sì á dúró, àwọn géńdé mẹ́ta á yọ, wọ́n á gba owó. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹní, àwọn mẹ́rin míì á tún dé, wọ́n á ní àwọn tàkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ará ibí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀ṣọ́ kan á tún dé, á ní owó ojúmọmọ l'ẹ san, owó òru ṣẹ̀kù. Èkó ti ṣòfin ní 2016 tó de àwọn ajagungbalẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò kí ń bá ẹgbẹ́ télọ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Ohun tó dáa ni kí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ ti ṣáájú lọ l'ọ́sẹ̀ kan sí i, kí wọ́n béèrè ilé baálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹja tàbí àkàrà ládùúgbò, torí ìyá ọlọ́jà ló mọ ẹni tó ni ìlú. Kí wọ́n san owó níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó òru wà ńbẹ̀. Bó jẹ́ ibi tí wọ́n kọ́ géètì sí, bíi etí òkun Ẹlẹ́gùúṣì tó jẹ́ t'ẹbí ọba Ìkátẹ̀, kí wọ́n béèrè ní géètì bóyá wọ́n tilẹ̀ ń gba ènìyàn láàyè láti sùn. Omi gan-an tún ní ọ̀gá tiẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló l'àṣẹ lórí ọ̀nà omi, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹbí lórí ilẹ̀, gómìnà lórí ìwé, Àbújá lórí omi. Ẹ wo iye ọ̀gá tí ẹni tó fẹ́ sun oorun alẹ́ kan ní!

Ó tún ku àwọn kan tí a kì í rántí, àwọn tó jẹ́ pé etí omi yẹn n'ilé wọn. Ní oṣù Keje 1990, nígbà ìjọba Rájì Ràsákì, kátakátá wọ Màrókò l'Ékòó, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. L'ọ́jọ́ 21 oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, wọ́n ní àwọn kan ń bẹ́ páìpù epo, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ jáde, t'olè t'olóòótọ́. Ẹni tó ń sun etí òkun nítorí fàájì àti ẹni tó ń sun ibẹ̀ nítorí pé kò n'íbòmíì, iyanrìn kan náà ni wọ́n jọ ń sùn lé. Ìkan á wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mápó l'ọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí ọmọ yín bá rí apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀, kó má ṣe fojú ẹni tó wá dí fàájì l'ọ́wọ́ wò ó. Ó dá a lójú pé ẹja tí wọ́n fẹ́ yan lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n á ti rà á.

Ó wá ku omi. Àwa n'Ìbàdàn, ó yẹ kí ẹnu wa gba ọ̀rọ̀ omi ju t'ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló máa gbàgbé Ògùnpa, l'ọ́jọ́ Àìkú 31 oṣù Kẹjọ 1980? Ta ló máa gbàgbé 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí omi gbé afárá Ẹlẹ́yẹlé, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ? Inú ilé oníbíríkì l'àwọn míì wà tí omi fi gbé wọn. Mélòó mélòó wá ni tapólìn? Ohun tí àwọn ọmọ ò mọ̀ ni pé kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ lórí àgọ́ wọn kí odò tó kún. Ó lè rọ̀ ní òkè odò níbi tó jìn, kí ojú ọ̀run mọ́ rekete lórí wọn, kí omi sì bá wọn lójú oorun. T'odò Ògùn tún yàtọ̀. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, máa ń tú omi sílẹ̀ bó bá kún. Ní 2010, omi tí wọ́n tú náà bá àwọn ará Àjẹ̀gúnlẹ̀ l'ọ́nà Ìkòròdú nínú yàrá wọn.

Nítorí náà, kí wọ́n tó kan èèkàn, kí wọ́n gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Bí koríko gbígbẹ, ọ̀rá àti àkísà bá há s'órí ẹ̀ka, ibẹ̀ l'omi dé l'ọ́dún tó kọjá. Abẹ́ ibẹ̀ kọ́ l'ènìyàn ń sùn, bó ti wù kí iyanrìn ẹ̀ funfun tó.

L'étí òkun, ìgbì tó gun èbúté á padà gba ojú ọ̀nà tóóró kan, á máa fà lọ s'ójú agbami. Ibi tí omi ti dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, tó dà bíi pé ó rọrùn láti wẹ̀, ibẹ̀ l'ó ń fà jù. Ẹni tó bá kó sí i kò gbọdọ̀ bá a jà láti padà sẹ́yìn tààrà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí á fi bọ́ lójú ọ̀nà ẹ̀, nígbà náà ni kó tó kọjú s'ébùúté. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀, kí omi má kọjá orúnkún ẹ̀. Ní alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ òkun rárá, pàápàá ẹni tó ti mu bíà.

Omi tó dákẹ́ lẹ́yìn ìsédò ní tiẹ̀. Láàárín àwọn abúlé tó yí Ọ̀yán ká, àtọ̀sí ajá pọ̀ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n dí odò náà. Kòkòrò kan tó ń ti ara ìgbín omi jáde ló ń gba awọ ara wọlé, láìjẹ́ pé ènìyàn mu omi náà. Bí ọmọ bá ti ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dé, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má dá àgbo fún un, ẹ má sì pè é ní oníṣekúṣe. Ẹ mú un lọ s'ọ́sibítù, oògùn tí wọ́n ń pè ní praziquantel wà fún un.

Oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì ni etí odò ṣeé sùn jù, tí òjò ti dá, tí omi ti fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ á mú wọn jìnnìjìnnì, kí wọ́n ru aṣọ ìbora dáadáa. Láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹwàá tí odò Ògùn ń kún, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jáde, kí wọ́n lọ wo omi Olúmirin l'ójúmọmọ, kí wọ́n ya fọ́tò, kí bọ́ọ̀sì sì kó wọn dé Mápó kó tó di aago méje alẹ́.