Pínpín Linux Kì Í Ṣe Olè Jíjà

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìlawẹ̀-Èkìtì bá ṣe àdàkọ díìsì Ubuntu, tó sì pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn kan yóò ní ó ti jalè. Èrò wọn ni pé ohunkóhun tí a kò fowó rà, tí a sì ń dà kọ, àfọwọ́rá ni. Mo ta ko èrò yìí pátápátá.

Lóòótọ́, Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Èyí tó wà lójú iṣẹ́ báyìí ni ti ọdún 2022, tí a buwọ́ lù lọ́dún 2023. Ó ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, bí ìwé ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n àdàkọ láìgba àṣẹ olóhun ni òfin kà léèwọ̀. Bí olóhun bá ti fàṣẹ sí i, ta ni a jà lólè?

Àṣẹ náà wà lákọsílẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1989, tí Linus Torvalds sì fi Linux sábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1992, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti dà á kọ, láti pín in, àní láti tà á. Láti ọdún 2005 títí di 2011, ilé-iṣẹ́ Canonical fi díìsì Ubuntu ránṣẹ́ káàkiri ayé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń rọ àwọn tó gbà á pé kí wọ́n pín in.

Àmọ́ àṣẹ yìí ní ìlànà. Ètò inú díìsì dà bí iyán. Kóòdù orísun rẹ̀ ni èbù iṣu. Ẹni tó bá gbé iyán Linux fún aládùúgbò kò gbọdọ̀ fi èbù pamọ́: kó fún un, tàbí kó júwe ibi tí yóò ti rí i. Ẹni tó bá sì tún Ubuntu ṣe sí nǹkan mìíràn, kó má ṣe máa pè é ní Ubuntu láìgba àṣẹ.

Olè gidi ni Windows tí a já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ọ̀rọ̀ olè dẹ́rù bà kúrò nídìí Linux yóò sá lọ bá. Fláàṣì ti gba ipò díìsì lónìí, ṣùgbọ́n òdodo ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ ka ìwé àṣẹ kí ẹ tó dájọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.